Ẹni tí mo gbà gbọ́ borí, kí ló wá gbé owó mi lọ?

Ìbéèrè náà rèé, láti ọwọ́ ònkàwé kan ní Ìbàdàn: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Houston ló fi ọjà àsọtẹ́lẹ̀ hàn mí, níbi tí wọ́n ti ń ra ‘Bẹ́ẹ̀ni’ àti ‘Bẹ́ẹ̀kọ́’ lórí ìjà inú kéèjì tí UFC ń ṣe. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún ẹni tí mo fẹ́ràn ni sẹ́ǹtì 34 pé yóò fi KO tàbí TKO (kó lu ẹnìkejì dákú, tàbí kí wọ́n dá ìjà dúró nítorí ẹ̀ṣẹ́ tàbí ọgbẹ́) borí, 6 pé yóò mú kí ẹnìkejì túúbá, 27 pé àwọn adájọ́ ni yóò fún un. Ti alátakò rẹ̀ jẹ́ 13, 11 àti 14. Ọ̀mì tàbí ìjà tí kò ní àbájáde jẹ́ 2. Mo ra KO/TKO ní 34. Ẹni mi borí lóòótọ́, ó fún ọkùnrin yẹn lọ́rùn títí tó fi túúbá, ṣùgbọ́n wọn ò san kọ́bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní sẹ́ǹtì 34 yẹn fi hàn pé àwọn tó mọ̀ ti mọ̀ pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Àbí tẹ́tẹ́ náà ni wọ́n kàn pa láró? Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ bí ìjà ṣe máa parí?”

Ẹ kú ọjọ́ o. Kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ. Ẹ kò ra ọkùnrin yẹn. Gbólóhùn kan ni ẹ rà, gbólóhùn náà sì ní òun máa sanwó bí ó bá fi KO tàbí TKO borí. Ó borí ní ọ̀nà tí kò sí nínú gbólóhùn náà. Bí ẹ bá ti fi sẹ́ǹtì 6 ra ti ìtúúbá mọ́ ọn, sẹ́ǹtì 40 ni ì bá jẹ́ lápapọ̀, dọ́là kan gbáko ni wọn ì bá sì san fún yín. Ó rọrùn láti sọ ọ́ lẹ́yìn ìjà, mo mọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ sẹ́ǹtì 34 yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ tú, torí ọ̀rẹ́ yín ti ṣì í kà.

Ìpín kọ̀ọ̀kan nínú ọjà yìí máa di dọ́là 1 bí ohun tí wọ́n kọ bá ṣẹlẹ̀, á sì di òfo bí kò bá ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹ fi sẹ́ǹtì 34 ra “Bẹ́ẹ̀ni”, ẹnìkan wà ní òdìkejì tó fi 66 ra “Bẹ́ẹ̀kọ́”. Owó ẹ̀yin méjèèjì para pọ̀ di dọ́là kan, ẹni tí ìjà bá gbè ló kó o. Ibi tí ìdúnàádúrà àwọn èèyàn dúró sí lálẹ́ ọjọ́ náà ni 34 yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé bí irú ìjà yẹn bá wáyé ní ìgbà 100, nǹkan bí ìgbà 34 ni yóò parí báyẹn, ìyẹn ju ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta lọ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ti mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta kò ní ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ wò ó, ẹ fi 34 pín 100, ọ́ọ̀dì 2.94 ni. Àbájáde ìjà kan ṣoṣo kò sì lè sọ bóyá 34 yẹn pọ̀ jù tàbí ó kéré jù.

Ṣé tẹ́tẹ́ ni? Ní ti àpò yín, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ tuntun tàn yín. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, ilé iṣẹ́ ló ń bá yín ta á, òun ló sì ń dá ọ́ọ̀dì. Nínú ọjà àsọtẹ́lẹ̀, ẹlòmíràn bíi tiyín ló wà ní òdìkejì, ẹ sì lè ta ìpín yín kí ìjà tó parí bí ẹ bá rí ẹni rà á. Ní Amẹ́ríkà, àjọ CFTC tó ń bójú tó ọjà àdéhùn ọjọ́ iwájú ló fún Kalshi, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ọjà àsọtẹ́lẹ̀, ní ìwé àṣẹ ní 2020. Àjọ kan náà ló bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 1.4 dọ́là lé Polymarket, ilé iṣẹ́ mìíràn bíi tirẹ̀, ní oṣù kìíní 2022 nítorí pé kò gba àṣẹ. Ayé ti yí: ní oṣù kọkànlá 2025, TKO Group, ilé iṣẹ́ tó ni UFC (kì í ṣe TKO inú ìjà), bá Polymarket tọwọ́ bọ̀wé pé Polymarket ni yóò jẹ́ ọjà àsọtẹ́lẹ̀ tí UFC fọwọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i káàkiri báyìí. Síbẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan ní Amẹ́ríkà ṣì ń fà á ní kóòtù pé tẹ́tẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí gbólóhùn tí ẹ rà, ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́. KO nìkan kọ́ ló wà nínú “KO/TKO”. Bí rẹfirí bá dá ìjà dúró nítorí ẹ̀ṣẹ́ tó pọ̀ jù, TKO ni. Bí dókítà bá ní ojú ẹni kan ti ya kọjá ohun tó ṣeé jà, TKO ni. Bí àwọn ará igun rẹ̀, ìyẹn àwọn olùkọ́ rẹ̀, bá ní kò gbọ́dọ̀ jáde mọ́, TKO náà ni. Kódà bí orúnkún bá yẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, TKO ni wọn yóò kọ: ní London ní oṣù keje 2022, Tom Aspinall ju ẹsẹ̀ sí Curtis Blaydes, orúnkún ara rẹ̀ bà jẹ́, ìjà parí ní ìṣẹ́jú àáyá 15, ìwé sì sọ pé Blaydes fi TKO borí. Ẹni tó rò pé òun ra “ẹ̀ṣẹ́ alágbára” gba owó rẹ̀ láìsí ẹ̀ṣẹ́ kankan. Bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn bá sì sùn lọ kó tó lè fọwọ́ gbá ilẹ̀, ìtúúbá ni wọ́n ń kà á sí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò túúbá fúnra rẹ̀. Èyí tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù ni ti ẹni tó fọwọ́ gbá ilẹ̀ nítorí pé ẹ̀ṣẹ́ ń rọ̀ lé e lórí. Àwọn akọ̀wé àbájáde kan á kọ ọ́ sábẹ́ ìtúúbá, àwọn mìíràn á kọ ọ́ sábẹ́ TKO, nítorí náà ẹ wo ohun tí òfin ọjà náà sọ nípa rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìparí tí kò wọ ibì kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní oṣù kẹta 2021, Petr Yan fi orúnkún gbá Aljamain Sterling lórí nígbà tí òfin kò gbà á, wọ́n lé Yan kúrò nínú ìjà, Sterling sì di ọ̀gá. Ẹni tó ra “Sterling borí” gba owó. Àwọn tó ra KO, ìtúúbá àti ìdájọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì pàdánù pa pọ̀. Ní oṣù kan náà, ìka Leon Edwards wọ Belal Muhammad lójú, ìjà sì di aláìlábàájáde. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Aspinall àti Ciryl Gane ní Abu Dhabi ní oṣù kẹwàá 2025, ní ráúǹdù àkọ́kọ́ pàápàá. Nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀, ọjà kan lè pín owó sí méjì, sẹ́ǹtì 50 fún Bẹ́ẹ̀ni, 50 fún Bẹ́ẹ̀kọ́. Òmíràn lè ka gbogbo Bẹ́ẹ̀ni sí òfo. Ẹni tó ra ní 34 á jèrè nínú ìpín dọ́gba, ẹni tó ra ní 80 á pàdánù 30. Bí ìjàm̀bá bá sì dá ìjà dúró lẹ́yìn tí wọ́n ti parí ráúǹdù 2 nínú 3, tàbí 3 nínú 5, àwọn adájọ́ ni yóò ka ìwé wọn, ó sì di ìdájọ́. Wọn ò jà dé òpin, síbẹ̀ ẹni tó ra “ìdájọ́” lè gbowó.

Aago náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ráúǹdù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 5, nítorí náà bí ọjà bá béèrè bóyá ìjà yóò kọjá “ráúǹdù 4 àti ààbọ̀” (4.5), 2:30 nínú ráúǹdù karùn-ún ló ń sọ. Ẹ wo ìjà méjì tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pàdánù ní 2022. Ní oṣù kẹjọ, Edwards fi ẹsẹ̀ gbá Kamaru Usman lórí ní 4:04 ráúǹdù karùn-ún. Ní oṣù kọkànlá, Alex Pereira dá Israel Adesanya dúró ní 2:01 ráúǹdù karùn-ún. Ráúǹdù kan náà ni, ṣùgbọ́n ti Usman kọjá ààbọ̀ ráúǹdù, ti Adesanya kò kọjá rẹ̀. Ẹni tó ra “yóò kọjá 4.5” jẹ ọ̀kan, ó pàdánù ìkejì. Bákan náà ni bí wọ́n bá dá ìjà dúró lórí àga láàárín ráúǹdù: ráúǹdù tó ti parí ni wọ́n ń kọ. Ìjà Jorge Masvidal àti Nate Diaz ní oṣù kọkànlá 2019, tí dókítà dá dúró kí ráúǹdù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, ráúǹdù 3, ìṣẹ́jú 5:00 ló wà nínú ìwé.

Ẹ tún wo àwọn iye tí ẹ kọ ránṣẹ́. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 34, 6, 27, 13, 11, 14 àti 2 jẹ́ 107. Bí ẹ bá ra gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, dọ́là 1.07 lẹ ó san, dọ́là 1 péré ni yóò sì padà wá, torí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló lè ṣẹlẹ̀. Sẹ́ǹtì 7 tó lé yẹn ni ohun tí àwọn tó ń tà ń dì mọ́wọ́. Kí ẹ tó lè mọ ohun tí ọjà rò gan-an, ẹ fi 107 pín iye kọ̀ọ̀kan: 34 yín di nǹkan bí 32. Ìyẹn ni pé kí ẹ tó ra á ní 34, ó yẹ kí ẹ ní ìdí tó dájú pé ó ju 34 lọ, kì í ṣe pé ẹ kàn fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ìdánwò kejì: mẹ́ta tẹni yín jẹ́ 67 lápapọ̀. Bí “yóò borí” bá wà ní 63 lójú ìwé mìíràn nígbà kan náà, ẹ má ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìṣẹ́gun lásán ni kí ẹ rà. Ó tún ń sanwó bí wọ́n bá lé alátakò kúrò nínú ìjà, bíi ti Sterling.

Ẹ béèrè bí èèyàn ṣe ń mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan ń tẹ òṣùwọ̀n. Nínú UFC, ó sún mọ́ ìdajì ìjà tó ń dé ọwọ́ adájọ́, àmọ́ ìwọ̀n ara máa ń yí i gan-an. Àwọn heavyweight wúwo, ẹ̀ṣẹ́ kan tó, ọ̀pọ̀ ìjà wọn kì í dé òpin. Àwọn obìnrin strawweight, tí wọ́n fúyẹ́ jù, yára, wọ́n sì lè jà títí, ìdájọ́ ló pọ̀ jù nínú tiwọn. Iye ráúǹdù ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ gbà pé ìjà ráúǹdù 3 kan ní ìdá 50 nínú 100 láti parí kó tó dé ọwọ́ adájọ́, kí ẹ sì gbà pé ewu yẹn dọ́gba ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 náà. Bí ráúǹdù 1 bá kọjá láìsí ohunkóhun, 50 á wálẹ̀ sí 37. Lẹ́yìn ráúǹdù 2, á di 21. Bí àwọn méjì yẹn kan náà bá jẹ́ olórí ìjà alẹ́, tí wọ́n fún wọn ní ráúǹdù 5, 50 yẹn á gòkè sí nǹkan bí 69. Ìṣirò orí ìwé ni o: ráúǹdù àkọ́kọ́ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń parí, nítorí náà iye máa ń wálẹ̀ ju báyìí lọ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó mọ̀ pé ráúǹdù 5 ń dúró dè wọ́n sì máa ń ṣọ́ èémí wọn lò.

Ohun tó kù ni bí ọgbọ́n àwọn méjèèjì ṣe pàdé. Ẹ má kàn ka iye ìgbà tí ẹni kan ti fi KO borí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ti dá alátakò rẹ̀ dúró rí. Ẹni tó bá lè gbé èèyàn lulẹ̀, tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ sì wúwo, ọ̀nà méjì ló ní, torí alátakò tó bá ń sá fún ẹ̀ṣẹ́ á yí ẹ̀yìn padà, ẹni tó bá yí ẹ̀yìn ti fi ọrùn sílẹ̀. Mo fura pé bí ìjà tiyín ṣe lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ó fi léwu láti ya KO sọ́tọ̀ kúrò lára ìtúúbá fún irú oníjà bẹ́ẹ̀: ìpinnu alátakò láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì ló ń sọ èyí tó máa jẹ́. Ẹ máa wo ọjọ́ tí wọ́n wọn ara wọn pẹ̀lú, tó sábà máa ń jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìjà. Ẹni tó fi tipátipá dín omi ara rẹ̀ kù, tó ń gbọ̀n lórí òṣùwọ̀n, lè má lè fara da ẹ̀ṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ayé ló sì ń rí fídíò yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà iye á ti sún kí ẹ tó débẹ̀.

Owó tún ń jò níbi tí ojú kì í tó. Ọjà “ta ni yóò borí” máa ń kún, ṣùgbọ́n ti ọ̀nà ìparí máa ń gbẹ. Ẹ lè rí 33 lójú ìwé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ pé 36 ni ẹni tó ń tà wà, 29 ni ẹni tó ń rà wà, tí 33 kàn jẹ́ àárín wọn. Bí ẹ bá rà ní 36 tí ẹ sì yí ọkàn padà lójú ẹsẹ̀, 7 ti lọ nínú 36, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ máa dá iye tí ẹ fẹ́ fúnra yín, kí ẹ dúró; bí kò bá sí ẹni tó tà á fún yín ní iye yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Owó iṣẹ́ náà wà: ìlànà tí Kalshi ń lò fún ọ̀pọ̀ ọjà rẹ̀ ni 0.07 lọ́nà iye ìpín, lọ́nà iye owó, lọ́nà ohun tó kù kó pé dọ́là. Ìpín 100 ní 34 jẹ́ dọ́là 34, owó iṣẹ́ á fi nǹkan bí dọ́là 1.57 kún un. Ní ti ríra nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́, mi ò gbà yín níyànjú rẹ̀ rárá. Fídíò tí ẹ ń wò ní Ìbàdàn ń pẹ́ lẹ́yìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kéèjì, ẹni tó jókòó lẹ́bàá kéèjì ti rí i kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá rí “Bẹ́ẹ̀ni” ní 40 nígbà tí ẹni yín ń lu èèyàn mọ́lẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń tà á ní 40.

Ọ̀rẹ́ yín kò jẹ̀bi tán, ṣá. Àwọn tó mọ nǹkan wà nígbà mìíràn. Ní oṣù kọkànlá 2022, ní Las Vegas, ọ́ọ̀dì ìjà kékeré kan sún gidigidi ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú ìjà, sí ìhà pé ẹni kan yóò pàdánù nípa KO ní ráúǹdù àkọ́kọ́. Ó rí bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 7. Ó hàn lẹ́yìn náà pé oníjà náà ti fara pa kó tó wọ kéèjì, kò sì sọ fún àjọ Nevada, tó fìyà jẹ ẹ́ nígbà tó yá. Ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà dá tẹ́tẹ́ UFC dúró fún ìgbà díẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ kíyè sí àmì rẹ̀: iye tó wà lójú kan tẹ́lẹ̀ ló ṣàdédé fò, nínú ìjà tí kò lókìkí, ní ọjọ́ ìjà gan-an. Iye tó dúró ní 34 láti ọ̀sẹ̀ kan, bíi tiyín bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Sísan owó náà kì í yá bí ti ṣọ́ọ̀bù. Lórí Polymarket, ọ̀pọ̀ ọjà ń lo UMA, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń pinnu àbájáde: ẹnìkan á fi owó ìdúró kọ àbájáde, wákàtí 2 wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tako o, bí wọ́n bá tako o lẹ́ẹ̀mejì, ìbò àwọn tó ní owó UMA ló máa parí rẹ̀, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹ tún wo bóyá òfin sọ pé àbájáde alẹ́ ọjọ́ ìjà ló kẹ́yìn. Ní oṣù keje 2017, Jon Jones lu Daniel Cormier ní KO ní ráúǹdù kẹta, lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò oògùn sọ ọ́ di ìjà aláìlábàájáde. Níbi tí àbájáde alẹ́ ti lágbára, ẹni tó gbowó KO ti gbà á lọ.

Fún ìjà tó ń bọ̀, bí ẹ bá gbà pé ẹni yín lè parí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò mọ ọ̀nà, ẹ ra KO àti ìtúúbá rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì gbà pé èrè yín á kéré sí i. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó máa parí rẹ̀, “kò ní dé ọwọ́ adájọ́” wà: nínú iye tiyín, mẹ́rin tó jẹ mọ́ ọn jẹ́ 64. Bí ẹ kò bá sì ní ìdí kan tí ẹni tó wà ní òdìkejì kò ní, ẹ kàn wo ìjà náà láì fi owó sí i. Ní ti òfin, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ ní oṣù kọkànlá 2024 pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí tẹ́tẹ́ àti lọ́tìrì. Mi ò lè dá yín lóhùn bí amòfin lórí ibi tí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí bọ́ sí nínú rẹ̀. Ẹ wo àtòkọ orílẹ̀-èdè tí ilé iṣẹ́ náà gbà kí ẹ tó fi owó síbẹ̀, ẹ má sì fi VPN, tó ń fi ibi tí ẹ wà pamọ́, wọlé: wọ́n lè dí àkáǹtì yín pa nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba owó, kì í ṣe nígbà tí ẹ ń san án. Bó bá sì jẹ́ náírà lẹ ń yí padà sí USDC, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí iye rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú dọ́là, ẹ ka àlàfo tó wà láàárín iye tí wọ́n ń tà á àti iye tí wọ́n ń rà á mọ́ iye ìpín yín, lọ àti bọ̀.